Ìyá Kawo àti Ògbufọ̀ Tó Dákẹ́

Gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé Ìyá Kawo ló wọ aṣọ. Rìmóòtù wọ ọ̀rá, rọ́bà sì dè é nídìí. Àga wọ ọ̀rá. Fáànù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà wọ ọ̀rá, bíi pé ó ń múra ìrìnàjò. Bí o bá jókòó sórí àga Ìyá nígbà ooru, itan rẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, bí o bá sì dìde, gbogbo ilé á gbọ́. Àwa ọmọ-ọmọ máa ń fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ kan ṣoṣo ní Kàdúná mọ̀ pé Ìyá kò ṣàṣejù. O lè nu tábìlì tán, kí o tó fún aṣọ ìnutábìlì rẹ, eruku mìíràn á ti bà lé e. Ìyá á ní, "Eruku kì í kan ilẹ̀kùn, Àbẹ̀kẹ́."

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Múlíkátù ló wà nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n Ìyá kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi bí inú bá ń bí wọn. Àwọn ló bí bàbá mi. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, àmọ́ Kawo ní Kàdúná ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti wá fẹ́ bàbá àgbà mi, oníṣẹ́ rédíò, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. N kò fẹ́ ka ìtàn ayé Ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn áfà ti ṣe ìyẹn níbi fídáù, wọ́n sì yìn wọ́n débi pé n kò dá ẹni tí wọ́n ń sọ mọ̀ mọ́. Ìyá tí èmi mọ̀ máa ń jà. Nínú pọ́ọ̀sì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà, sùkúdíráífà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Iṣẹ́ ọkọ wọn ni wọ́n jogún. Ọdún pípẹ́ ni Ìyá fi jókòó ti Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n ń na lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀ sí Bàbá, títí ọwọ́ Ìyá fi mọ iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Nígbà tí Bàbá kú, èmi kéré, Ìyá kò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé obìnrin wo ló ń tún rédíò ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n mú rédíò wọn wá. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá máa ń sọ fún wọn kò yí padà. Bí awakọ̀ bá ní rédíò òun ti kú, Ìyá á bi í pé, "Ṣé o ti tú u wò ni?"

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú. Bàbá mi ló sọ èyí fún mi. Ó ní awakọ̀ kan gbé rédíò wá tí oníṣẹ́ kan ní Sabon Tasha ti ṣe dé ìdajì. Ìyá yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá fi ọ̀rá bò ó, wọ́n ní kí awakọ̀ náà lọ mú ẹni tó kọ́kọ́ tú u wá. Ọkùnrin náà ní Sabon Tasha jìnnà, ìpẹ̀kun kejì ìlú ni, òun á ní láti kọjá odò. Ìyá ní, "To, ó dáa, odò yẹn ní afárá." Ọjọ́ kẹta ni awakọ̀ náà mú oníṣẹ́ yẹn dé, inú ń bí àwọn méjèèjì. Òun àti Ìyá jókòó, wọ́n jọ tú rédíò náà, kò sì gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí bàbá mi bi Ìyá pé kí ni wọ́n ṣe kò tú u fúnra wọn, wọ́n ní, "Ẹni tó so ó ló mọ ohun tó so. A kì í tú iṣẹ́ ẹni lẹ́yìn ẹni."

Ìtàn yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé yóò padà wá bá mi.

Òfin kejì jẹ́ ti ohùn. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè Bàbá wà ní pálọ̀, òun àti sìpíkà méjì tí káfíńtà fi pákó ṣe àpótí fún. Ẹ̀rọ náà ní kókó kan tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè, ilà funfun kan sì wà lára kókó náà. Kí a tó tan ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí kókó yìí délẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni a óò máa gbé e díẹ̀díẹ̀, títí ilà funfun náà yóò fi kọjú sí ibi tí ọwọ́ kékeré aago máa ń kọjú sí bí aago bá lu mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọmọ tó bá yí i kọjá ibẹ̀ á gba ìkó lórí. Ìyá ní, "Ohun tí a kò bá gbọ́ ní aago mẹ́sàn-án, ariwo ni."

Aago mẹ́sàn-án yẹn náà kò kéré lójú Hajiya Lami. Opó ni Hajiya, Hausa ni wọ́n, ògiri kan ló sì la yàrá wọn àti pálọ̀ Ìyá. Lójoojúmọ́, bí a bá ti kí ìrun alásárì tán, Ìyá á tan wáàsí lédè Yorùbá lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ yìí, kò sì ní dákẹ́ títí di mọ̀gàríbì. Hajiya á wá sẹ́nu ọ̀nà, á ní orí ń fọ́ òun. Ìyá á bi wọ́n lédè Hausa pé ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń fọ́ orí mùsùlùmí. Hajiya á ní òun kò gbọ́ ohunkóhun nínú ẹ̀ ju Allah lọ. Ọdún mélòó ni wọ́n fi ja ìjà yìí? Tí Iléyá bá dé, wọn á fi ẹran ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Mo bẹ Ìyá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, báwo ni Lami ṣe máa mọ̀ pé mo ṣì wà láyé?"

Nígbà tó yá, tẹlifíṣàn Ìyá kú, èyí tí àwọn fúnra wọn gbà pé ó ti kú lẹ́yìn tí wọ́n tú u. Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ dáwó, a ra tuntun fún wọn, èyí tó fẹ́lẹ́ bí àtẹ. Inú wa dùn. Àmọ́ tẹlifíṣàn tuntun yìí kò ní ihò tí wáyà pupa àti funfun ti agbóhùnsókè Bàbá lè wọ̀, ohùn tirẹ̀ sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti ẹni tí òtútù mú. Lásìkò yẹn, dókítà ti sọ fún wa pé etí Ìyá ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jókòó ti tẹlifíṣàn náà fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá pè mí ní Àbújá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ ra ojú fún mi. Ẹ ò ra ẹnu."

Mo bèèrè káàkiri, ẹnì kan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá fi àpótí kan hàn mí tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. DAC ló pè é. Mo gbé e lọ sí Kawo, mo sì gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá. Mo ní tẹlifíṣàn òde òní kì í fi ohùn ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ ohùn di òǹkà, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé òǹkà náà gba inú wáyà. Agbóhùnsókè Bàbá kò mọ òǹkà, iná tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àpótí yìí ló máa dúró sáàárín, tí yóò gba òǹkà lọ́wọ́ ọ̀kan, tí yóò sọ ọ́ di ohùn fún èkejì.

Ìyá ní, "Ògbufọ̀ ni." Iṣẹ́ tí àwọn náà ti ṣe rí ni, fún àwọn ìyàwó tuntun tó ń ti Ìlọrin bọ̀, tí wọn kò lè dá ná ọjà ní Kawo. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní DAC nínú ilé yẹn.

Wáyà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ní orí méjì, wọ́n sì fi ìdérí rọ́bà kékeré kan dé orí kọ̀ọ̀kan. Ìdérí náà mọ́ gaara bí omi, kò tóbi ju ẹnu bírò lọ. Mo yọ méjèèjì, mo jù wọ́n nù. Ìyá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣà wọ́n, wọ́n kó wọn sínú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó àwọn ìdè tí sùkúdíráífà ń tú lára rédíò sí. Mo ki orí kan bọ ìdí tẹlifíṣàn, mo ki èkejì bọ ìdí ògbufọ̀. Mo fi wáyà pupa àti funfun so ògbufọ̀ mọ́ agbóhùnsókè, mo sì fún un ní iná láti ihò tí a máa ń ki fláàṣì bọ̀ lára tẹlifíṣàn. Iná búlúù kékeré kan tàn lára rẹ̀. Ìyá yí kókó délẹ̀, wọ́n gbé e díẹ̀díẹ̀ dé aago mẹ́sàn-án. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo tún un so. Òógùn bò mí. Ìyá jókòó sórí àga ọ̀rá wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn ń wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé èdè tí ògbufọ̀ gbọ́ ni tẹlifíṣàn ń sọ?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wọ inú ètò ohùn tẹlifíṣàn náà, mo rí i pé irú òǹkà tí wọ́n ṣe fún ilé sinimá ló ń fi ránṣẹ́. Mo yí i sí èyí tí wọ́n kọ PCM sí, èyí tí ògbufọ̀ gbọ́. Ohùn wọlé, ó kún pálọ̀, ó nípọn, ó gbóná. Ìyá dìde, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ọ̀kan nínú sìpíkà Bàbá, bí a ṣe máa ń fọwọ́ kan ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, wọn kò sì yọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí n tó padà sí Àbújá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tú ògbufọ̀ náà o, bí ohunkóhun bá ṣe é, kí wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé iṣẹ́ mi ni? Ìwọ lo so ó."

Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń bẹ Ìyá tipẹ́ kí wọ́n padà sí Ìlọrin. Ilé Kawo ti ṣófo. Àwọn ọmọ ti túká, àwọn ayálégbé ti kó lọ, ẹgbẹ́ àsàlátù wọn kò ju èèyàn bíi mẹ́jọ lọ mọ́. Bí Ìyá bá kí ọmọ Yorùbá lójú títì, Hausa ló máa fi dá wọn lóhùn. Èmi gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn bí mo bá ń kánjú. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu sìpíkà méjèèjì yẹn nìkan ni Yorùbá tó ń wọ ilé náà. Síbẹ̀ Ìyá kò gbà láti kúrò. "Ìlọrin ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ ta ló mọ̀ mí níbẹ̀?"

Wọ́n lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ìyàwó. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó jáde nílé, wọ́n fi ọ̀rá wé gbogbo nǹkan bí ìṣe wọn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n padà dé Kawo, wọ́n pè mí níbi iṣẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́, ògbufọ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo bi wọ́n bóyá iná búlúù rẹ̀ tàn. Ó tàn. Wáyà pupa àti funfun ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀. Ibo ni kókó ohùn wà? Aago mẹ́sàn-án. Ọ̀gá mi ń wò mí láti ìkángun kejì ọ́fíìsì. Mo rántí ọ̀rọ̀ dókítà.

"Ìyá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ etí yín ni."

Wọ́n ní, "Etí mi ń gbọ́ ládàánì."

"Ládàánì ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ìyá. Ohùn tiẹ̀ ga."

"To. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Mo ní ìparí oṣù. Ìparí oṣù dé, wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, n kò sì rí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà ni pé ìgbà mìíràn wà tí ọ̀nà rọlẹ̀, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì wà, tí mo sùn sórí ibùsùn mi ní Àbújá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Oṣù méje ni mo fi ń bọ̀.

Láàárín oṣù méje yẹn, Ìyá sọ fún gbogbo ẹbí pé etí àwọn ti lọ. Wọn kò lọ sí àsàlátù mọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ń kí ìrun nínú ilé, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń jókòó. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ò ń ké jù." Mo rò pé ìgbéraga àgbà ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n lọ. Wọ́n kí àsùbáà, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò jí. Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó dé. Lẹ́yìn fídáù, gbogbo èèyàn padà síbi iṣẹ́ wọn, èmi dúró lẹ́yìn láti palẹ̀ ilé mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rá lára nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ìdí agbóhùnsókè.

Kókó ohùn kò sí ní aago mẹ́sàn-án. Kò sí ní aago méjìlá pàápàá. Wọ́n ti yí i lọ títí dé òpin, dé ibi tí kò ti lè yí mọ́. Ìyá, tí wọn kì í jẹ́ kí a kọjá mẹ́sàn-án. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rí wọn lójú mi níbi tí wọ́n ti ń yí i, tí wọ́n ń gbé etí ti sìpíkà, tí wọ́n tún ń yí i.

Mo ṣí agolo mílíìkì láti kó àwọn ìdè rédíò kúrò. Ìdérí rọ́bà kan ló wà níbẹ̀. Méjì ló yẹ kó wà. Mo fa orí wáyà yọ nídìí ògbufọ̀, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ìdérí kejì sì wà lórí rẹ̀, ó mọ́ gaara, ó dé e pa. Ìyá ló dé orí méjèèjì padà nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìlọrin, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí ọ̀kan yọ, ojú wọn kò rí èkejì, wọ́n ki í bọlé pẹ̀lú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì rí ọ̀nà dé inú ògbufọ̀. Ó kàn gba kí ẹnì kan tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa fà á jáde kó wò ó.

Sùkúdíráífà wà nínú pọ́ọ̀sì wọn. Mo wo ògbufọ̀ náà yíká, kò sí ojú ọwọ́ kankan lára ìdè rẹ̀, kò sí ibi tó ha. Wọn kò tú u. Èmi ni mo so ó, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ẹni tí kì í gbà pé rédíò ti kú láìjẹ́ pé ó tú u wò, èmi ni mo sọ fún un lórí fóònù pé etí rẹ̀ ti kú, ó sì gbà á lẹ́nu mi. Mo sunkún.

Nígbà tó rọlẹ̀, mo yọ ìdérí náà, mo so gbogbo rẹ̀ padà. Mo yí kókó délẹ̀, mo gbé e dé aago mẹ́sàn-án. Ohùn wáàsí wọlé, ó kún ilé bíi ti ọjọ́ kìíní. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe etí yín."

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Hajiya Lami ni, wọ́n fọwọ́ ti férémù, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo ti ń nawọ́ sí kókó láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní, "Kada ki rage." Kí n má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá ń ṣàlàyé lédè Hausa pé láti ìgbà tí ohùn yẹn ti dákẹ́, àwọn rò pé Ìyá ti bínú pa á ni, nítorí ìjà àwọn. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn alásárì, àwọn máa ń jókòó ti ògiri, àwọn á máa retí rẹ̀. Ojú ń ti àwọn láti wá bèèrè. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo ìdérí kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run kẹ́ Ìyá.

Wọ́n yí padà láti máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tiwọn, wọ́n wá dúró.

"Gobe fa?" Ọ̀la ńkọ́?

Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí màá fi padà sí Àbújá lówùúrọ̀ ọ̀la ti wà nínú báàgì mi.